Ìpín gáàsì amáyégbóná: ìdá 20 nínú kí ni?

Bí wọ́n bá sọ fún yín pé orílẹ̀-èdè kan ló ń tú ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún gáàsì amáyégbóná agbègbè rẹ̀ sáfẹ́fẹ́, ẹ má tíì gbà, ẹ má sì tíì jiyàn. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé: ìdá 20 nínú kí ni?

Ohun tó wà lókè ìṣirò àti ohun tó wà nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ irú kan náà. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Wọ́n á mú CO2 (kábọ́ọ̀nù dáyọ́síìdì, ọ̀kan lára àwọn gáàsì amáyégbóná) tó ti inú epo àti èédú wá fún orílẹ̀-èdè, wọ́n á wá fi pín àpapọ̀ gbogbo gáàsì agbègbè, tó fi dórí mẹ́téènì tí màlúù ń gùnfẹ̀.

Ẹ wo South Africa. Bí ẹ bá ka CO2 epo, gáàsì àti èédú nìkan, nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ti gbogbo Áfíríkà ló jẹ́ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ kò tó ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Èédú inú ilẹ̀ ló fà á. Òun ni wọ́n fi ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú iná mànàmáná wọn. Ẹ wá fi igbó tí wọ́n ń gé àti ẹran ọ̀sìn kún un: ìpín náà á já wálẹ̀, torí pé àwọn orílẹ̀-èdè yòókù ni ìyẹn pọ̀ sí. Ìṣirò méjèèjì tọ̀nà. Ẹni tó fi ọ̀kan pamọ́ nìkan ni kò tọ̀nà.

Mẹ́téènì tún ní wàhálà tirẹ̀. Kí wọ́n lè kà á pọ̀ mọ́ CO2, wọ́n máa ń fi bó ṣe ń mú ayé gbóná tó wé ti CO2. Tábìlì 2007 ti IPCC, àjọ àgbáyé tó ń ṣàyẹ̀wò ìyípadà ojú ọjọ́, sọ tọ́ọ̀nù kan rẹ̀ di tọ́ọ̀nù 25 CO2. Ti 2013 sọ ọ́ di 28. Tọ́ọ̀nù 10 tó jẹ́ 250 tẹ́lẹ̀ wá di 280. Màlúù kan ṣoṣo kò pọ̀ sí i, síbẹ̀ iye ti fi ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè. Tábìlì kan náà ni kí ẹ lò fún orílẹ̀-èdè àti agbègbè.

Ààlà agbègbè náà ń yí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní January 31, 2020. Ẹni tó kà á mọ́ ti 1990, tó yọ ọ́ kúrò nínú ti 2021, á rí ìdínkù tí ẹnikẹ́ni kò ṣiṣẹ́ fún. (Gbogbo Yúróòpù kọ́ ló sì wà nínú àjọ yẹn, Norway kò sí níbẹ̀.) Epo ọkọ̀ òkun àti bàálù tó ń rìn láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn kì í sí nínú àpapọ̀ orílẹ̀-èdè kankan.

Ìpín tó dín kù kò sọ pé èéfín dín kù. Ká ní orílẹ̀-èdè kan tú 40 sínú 200: ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Lọ́dún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ó tú 44 sínú 275: ó di ìdá 16. Èéfín rẹ̀ pọ̀ sí i. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ló sáré jù ú lọ.

Bí iye kan bá wá kéré ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ fi 3.67 sọ ọ́ di púpọ̀. Bó bá bọ́ síbi tó yẹ, a jẹ́ pé kábọ́ọ̀nù lásán ni wọ́n wọ̀n, láìka ọ́síjìn tó so mọ́ ọn, kì í ṣe odindi CO2.