A fa gbùùrù, gbùùrù fa igbó: bí sọsiọ́lọ́jì ṣe ń wo jápa

Ohun tí wọ́n máa ń sọ sí obìnrin tó bá fi ọmọ sílẹ̀ lọ sókè òkun ni pé ojú kòkòrò ló ń dà á láàmú. Sọsiọ́lọ́jì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ènìyàn, kì í ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè tirẹ̀ ni pé: iṣẹ́ tó fi sílẹ̀ nílé, ta ló wá ń ṣe é?

Ní ọdún 2000 ni Arlie Hochschild, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, fún ọ̀rọ̀ yìí lórúkọ: ẹ̀wọ̀n ìtọ́jú tó yí ayé ká, ìyẹn ṣéènì tí ẹnì kan ti ń fi iṣẹ́ ìtọ́jú ilé rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ìwádìí Rhacel Parreñas ló gbé e lé, ẹni tó fọ̀rọ̀ wá àwọn obìnrin Fílípíìnì lẹ́nu wò, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ilé onílé ní Róòmù àti Los Angeles. Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n ń tọ́. Tiwọn wà nílé lọ́dọ̀ ẹbí, tàbí lọ́dọ̀ obìnrin mìíràn tí wọ́n ń fi díẹ̀ lára owó Róòmù san owó iṣẹ́ fún. Obìnrin yẹn náà bímọ, àkọ́bí rẹ̀ ló sì ń wo àwọn àbúrò.

Ẹni tó di orí gbùùrù mú ní Róòmù kò lè rí igbó. Ewé ti gbọ̀n dànù lára èyí tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ìdí igi lọ́hùn-ún ni ìtẹ́ ẹyẹ ti já bọ́, ibẹ̀ náà sì ni owó ti gbẹ: àkọ́bí yẹn kò gba kọ́bọ̀.

Ọwọ́ ìjọba sì wà nínú fífà yìí. Ní oṣù kejì ọdún 2022, Ìlú Ọba ṣílẹ̀kùn físà fún àwọn tó ń ṣe kẹ́à, ìyẹn iṣẹ́ títọ́jú arúgbó àti aláìlera. Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n ní ẹni tó bá ń bọ̀ wá ṣe é kò gbọdọ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Ta wá ni olójú kòkòrò níbẹ̀?

Àmọ́ èrò ẹ̀wọ̀n yìí ní àbùkù. Ó gbà pé bí ọmọ bá ti kúrò lọ́dọ̀ ìyá, nǹkan ti bàjẹ́. Kí físà tó dé ni ọmọ ti ń gbé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà nílẹ̀ Yorùbá, kò sì sẹ́ni tó pè é ní àjálù. Orúnkún ìyá àgbà gan-an ló yẹ ká máa wò. Nígbà ooru Ìlú Ọba, aago Leeds tó wà níbẹ̀ àti ti Abẹ́òkúta máa ń bára mu. Ní aago mẹ́fà àárọ̀, ọmọ ìyá àgbà obìnrin, ní Leeds, ń yí bàbá olóyìnbó kan padà lórí bẹ́ẹ̀dì kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà dá egbò; ní aago mẹ́fà yẹn kan náà, ìyá àgbà ń di ògiri mú kó tó lè dìde.