Mímúra nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì sílẹ̀ de fóònù orí tábìlì tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì

Fóònù orí tábìlì tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí IP phone, kì í lo wáyà tẹlifóònù bíi ti ayé NITEL, wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kọ̀ǹpútà ń lò náà lòun náà ń lò, á gé ohùn èèyàn sí wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní pákẹ́ẹ̀tì, á wá máa fi ránṣẹ́, bíi 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí wọ́n tó ra fóònù kankan.

Ohùn ò jẹ dátà tó báwọn èèyàn ṣe rò o. Ìpè kan tó bá lo G.711, ìyẹn ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà sọ ohùn di dátà, á gba nǹkan bíi kilobit 87 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ní lílọ, iye kan náà ní bíbọ̀, torí náà ìpè 10 papọ̀ ò tó mẹ́gábíìtì kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yálà ní lílọ tàbí ní bíbọ̀. Ibi tí wàhálà wà ni pé ohùn ò ṣeé dá dúró, ẹni tó ń wa fáìlì ńlá jáde ò ní mọ̀ tó bá falẹ̀ díẹ̀, àmọ́ tí pákẹ́ẹ̀tì ohùn bá pẹ́ lọ́nà ọ̀rọ̀ á máa já, àwọn méjèèjì á máa sọ̀rọ̀ lu ara wọn. Ohun tí ìlànà G.114 ti ITU, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, dábàá ni pé kí àkókò tí ohùn ń lò lọ́nà má ju millisecond 150 lọ láti ẹnu dé etí. Àárín ọ̀sán tí gbogbo èèyàn wà lẹ́nu iṣẹ́ ló dáa kí wọ́n dán nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò, kì í ṣe alẹ́ tí ọ́fíìsì ti ṣófo.

Lórí switch, ìyẹn àpótí tí wọ́n ń ki àwọn wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì bọ̀, wọ́n máa ń ya VLAN kan, ìyẹn ọ̀nà tó dá dúró nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, sọ́tọ̀ fún ohùn, wọ́n á sì fún pákẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ní DSCP 46, àmì tó ń sọ pé ó ṣe kánjúkánjú, kó lè máa kọjá ṣáájú àwọn yòókù. Switch tó ní PoE dáa jù torí inú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn náà ni iná á ti máa wá, 802.3af tó jẹ́ ìlànà kan fún PoE fàyè gba wáàtì 15.4 fún ihò kan, ṣùgbọ́n kí wọ́n wo àpapọ̀ wáàtì tí switch lè gbé, torí òmíì ní ihò 24 tí ò sì lè fún gbogbo wọn níná tán. Wáyà Cat5e tó, kó ṣáà má gùn ju mítà 100 lọ. Ihò méjì ló sábà máa ń wà lẹ́yìn fóònù, ọ̀kan sí ara ògiri, èkejì sí kọ̀ǹpútà, bí tábìlì kan ṣe ń lo wáyà kan ṣoṣo nìyẹn.

Nínú ráútà, kí wọ́n pa SIP ALG, ìyẹn ètò kan tó máa ń tún ìsọfúnni ìpè kọ bó ṣe ń kọjá, ó wà lára ohun tó ń fà á tí wọ́n á fi máa gbọ́ oníbàárà tí oníbàárà ò ní gbọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ iná ló le jù ní Nàìjíríà. Tí NEPA bá mú iná lọ, kí jẹnẹrétọ̀ tó gbà á gbogbo fóònù ti kú, wọ́n á sì tún pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó padà sórí ìlà. UPS tàbí inverter gbọ́dọ̀ wà fún switch, fún ráútà, àti fún rédíò orí òrùlé tàbí àpótí fiber tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé, èyí tó kẹ́yìn yìí lọ̀pọ̀ ọ́fíìsì máa ń gbàgbé.