Fìrísà l'Ẹ̀pẹ́: bí iná wákàtí díẹ̀ ṣe ń di òtútù tó ń ba ilẹ̀ mọ́

Ẹja tí kò bá tà ní ọjà Olúwo l'Ẹ̀pẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀nà méjì ló kù fún un: orí iná tàbí inú fìrísà. Yíyan ní wàhálà tirẹ̀, igi ń wọ́n, èéfín ń wọ ojú, ṣùgbọ́n ẹni tó ń yan ẹja kò gbójú lé ẹnikẹ́ni. Ẹni tó gbé ẹja wọ fìrísà ti gbójú lé NẸ́PÀ nìyẹn (ilé-iṣẹ́ náà ti pààrọ̀ orúkọ títí, NẸ́PÀ ni gbogbo ayé ṣì ń pè é), NẸ́PÀ kì í sì í béèrè bí ọjà ṣe rí kó tó mú iná lọ.

Síbẹ̀, fìrísà pọ̀ nínú ilé àwọn tó ń ta òkú Èkó, yìnyín àti omi tútù nílùú náà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n lò lè rí iná wákàtí díẹ̀ lóru, kí ẹja wọn sì le gbagidi títí di alẹ́ ọjọ́ kejì. Kì í ṣe pé fìrísà tiwọn yàtọ̀. Wọ́n kàn mọ̀ pé yàtọ̀ sí mímú nǹkan tutù, fìrísà lè tọ́jú iná pa mọ́, bó ti lẹ̀ jẹ́ pé òtútù nìkan ni yóò fi san án padà.

Òtútù kì í ṣe ohun tí ẹ̀rọ náà ń dà sínú àpótí. Ooru ló ń kó jáde. Ẹ́ńjìnnì dúdú tó wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn ń fún gáàsì pọ̀, gáàsì náà á gbóná, á gba inú páìpù kọjá, á sì tu ooru rẹ̀ dà sí afẹ́fẹ́ ìta. Ìdí nìyẹn tí ara fìrísà fi máa ń gbóná lọ́wọ́ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn èyí, gáàsì á gba ojú páìpù tín-ín-rín kan já sí ibi tó fẹ̀, á tutù lójijì, á fa ooru ara ẹja mọ́ra, á tún gbé e padà sọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yí po. Nígbà tí iná bá lọ, ẹ́ńjìnnì dákẹ́, ooru ìta á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ padà wọlé. Fóòmù tó wà láàárín irin òde àti ògiri inú ló ń dí i lọ́wọ́. Kò lè dá a dúró pátápátá. Ó kàn ń fà á sẹ́yìn ni.

Ìbéèrè tó kù ni pé kí ni yóò gba ooru tó ń yọ́ wọlé yẹn mọ́ra? Tí afẹ́fẹ́ nìkan bá wà nínú fìrísà, kò sí ohun tó máa gbà á, kò sì ní pẹ́ tí inú rẹ̀ á fi gbóná. Omi dídì ló ń ṣe iṣẹ́ yìí jù. Láti mú lítà omi kan kúrò ní 28°C, bó ṣe máa ń wà nínú garawa l'Ẹ̀pẹ́, wá sí 0°C, ooru bíi kílójúùlù 117 (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ooru ni kílójúùlù) ni ẹ̀rọ máa kó jáde. Ṣùgbọ́n láti mú lítà omi kan náà dì ní 0°C, láìjẹ́ pé ó tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, kílójúùlù 334 ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta. Gbèsè yìí ni yìnyín ń san nígbà tí iná bá lọ: ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba kílójúùlù 334 mọ́ra kó tó yọ́ tán, kò sì ní gbóná kọjá 0°C títí ìyẹn á fi parí. Lítà mẹ́wàá irú yìnyín bẹ́ẹ̀ lè gbé ooru tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó yúníìtì iná kan mì.

Ìlú Ọba ní ẹ̀rọ kan tó jẹ́ òdìkejì èyí, storage heater ni wọ́n ń pè é. Àpótí irin tó kún fún bíríkì wúwo ni, ògiri ni wọ́n máa ń gbé e tì. Lóru, tí owó iná bá wálẹ̀ (irú èyí tí wọ́n ń pè ní Economy 7 ń fún ilé ní wákàtí 7 olówó pọ́ọ́kú), iná á mú bíríkì náà gbóná janjan. Lọ́sàn-án, bíríkì á máa tú ooru náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀sùn tí wọ́n máa ń fi kàn án ni pé ooru ti máa ń tán tí oníṣẹ́ bá fi wọlé nírọ̀lẹ́, àti pé alẹ́ àná ni èèyàn ti gbọ́dọ̀ mọ bí òtútù ọ̀la yóò ṣe rí. Àmọ́ wọ́n mọ aago tí iná olówó pọ́ọ́kú ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. L'Ẹ̀pẹ́, ta ló mọ aago tí iná ń bọ̀? Nítorí náà, ìpamọ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ láti dín owó kù, wọ́n ń ṣe é níbí kí ẹja má bàa jẹrà ni.

Àǹfààní tó tóbi jù ni pé yìnyín kì í gbó. Bátìrì ínfátà 12V, 200Ah, yúníìtì 2.4 ló lè gbà lórí ìwé, tó bá sì jẹ́ bátìrì ásíìdì, ẹni tó bá fẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ òun kò ní lò ju ìdajì rẹ̀ lọ kó tó tún kún un. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó kú nìyẹn. Omi inú ìgò lè dì kó tún yọ́ lẹ́ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ìgbà, omi náà ni yóò ṣì máa jẹ́. Lóòótọ́, yìnyín kò lè tan gílóòbù, kò lè yí fáànù. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ pé ẹja nìkan ni ìṣòro rẹ̀, tó wá lọ ra ínfátà nítorí fìrísà kó tó kó omi kún ààyè tó ṣófo nínú rẹ̀, ó ti fi owó ńlá wá ohun tí omi ẹ̀rọ lè ṣe fún un.

Ibi tí ọ̀pọ̀ kò fiyè sí ni pé ẹja kì í dì ní 0°C. Ó di bíi -1 tàbí -2 kí omi ara rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dì, 0°C tí yìnyín lásán dúró lé sì ti ga jù fún un. Èyí ni pé èèyàn lè ṣí fìrísà, kó rí yìnyín nínú ìgò, kí titus ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti rọ̀. Kò tíì bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò dì mọ́. Iyọ̀ ló ń tún èyí ṣe. Tí wọ́n bá po iyọ̀ gírámù 100 mọ́ lítà omi kan, omi náà kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í dì títí yóò fi tó bíi -6°C. Tí iná bá wá lọ, irú yìnyín bẹ́ẹ̀ ti ń yọ́, ó ti ń gba ooru mọ́ra, nígbà tí ẹja ṣì le bí òkúta. Kí wọ́n má rọ ìgò náà kún dé ẹnu, torí omi tó bá dì máa ń wú ní nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún, yóò sì bẹ́ ìgò. Kí wọ́n sì fi nǹkan sàmì sí i, kí ọmọdé má lọ yọ́ ọ mu. Aléébù rẹ̀ ni pé omi oníyọ̀ ń fẹ́ òtútù tó jinlẹ̀ ju ti omi lásán lọ. Níbi tí iná kì í ti í pẹ́, ó lè má dì rárá.

Èyí ló gbé wa dé ọ̀rọ̀ wákàtí. Níbi tó gbóná, ó wọ́pọ̀ kí ẹ́ńjìnnì fìrísà ṣiṣẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta títí dé ìdajì ọjọ́, ìyẹn wákàtí 8 sí 12, kí òtútù tó dúró ṣinṣin, láìtíì ka ẹja tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí i. Nínú ètò Band tí wọ́n fi ń pín iná, Band A yẹ kó rí ó kéré tán wákàtí 20 lóòjọ́, B 16, C 12, D 8, E 4. Ẹni tó wà ní C lè fi yìnyín gbé fìrísà dè, kó sì sùn. Ẹni tó wà ní D ń rìn ní bèbè. Ti E, bí ìgò ti wù kó pọ̀ tó, òtútù tó ń jáde pọ̀ ju èyí tó ń wọlé lọ. Àwọn ti Band A náà kò ṣàì ní tiwọn: láti oṣù kẹrin ọdún 2024 ni yúníìtì kan ti fò kọjá 200 náírà fún wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni sísọ lítà omi mẹ́wàá tó wá láti inú garawa di yìnyín lè jẹ bíi yúníìtì kan.

Hàáfù kọ́rẹ́ǹtì tún burú ju àìsí iná lọ. Tí iná bá wálẹ̀ jù, ẹ́ńjìnnì á fẹ́ gbéra, kò ní lè yí, á kùn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ ó gbọ́ “tákà”, á dákẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ á tún kùn, “tákà”. Ohun kékeré tó ń dáàbò bo wáyà inú rẹ̀ ló ń gé iná fún un. Ẹni tó gbọ́ ìró yìí tí kò yọ púlọ́ọ̀gì, kó má fi í sùn ẹnikẹ́ni tí ẹ́ńjìnnì bá jó. Bákan náà, tí iná bá lọ tó sì dé padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, gáàsì ṣì há sí apá kan páìpù; ó yẹ kí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kọjá kí ẹ́ńjìnnì tó tún gbéra. Sítébíláísà tó dáa máa ń dúró fún ìṣẹ́jú yẹn fúnra rẹ̀.

Ṣíṣí ń kọ́? Fìrísà tó dùbúlẹ̀ sàn ju èyí tó dúró lọ, torí afẹ́fẹ́ tútù wúwo, kì í sáré jáde tí wọ́n bá ṣí i láti òkè. Tó bá kún dáadáa, tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣí i, ohun inú rẹ̀ lè wà ní dídì fún bíi wákàtí 48. Tó bá kún dé ìdajì, bíi 24. Lábẹ́ páànù gbígbóná, ó máa dín. Yìnyín funfun tó ń lẹ̀ mọ́ ògiri kò sí nínú yìnyín tó wúlò. Àárín ẹja àti páìpù tútù ló há sí, ó sì ń dí òtútù lọ́nà. Kí wọ́n jẹ́ kó yọ́ tàbí kí wọ́n fi igi ha á kúrò. Ọ̀bẹ ti lu páìpù ọ̀pọ̀ fìrísà, gáàsì á sì tú tán.

Èyí tó léwu jù kò ní ariwo. Tí iná bá lọ lóru tí ẹja rọ̀, tí iná sì dé kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo rẹ̀ á tún dì padà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Kòkòrò tó ń ba ẹja jẹ́ kì í kú sínú òtútù, sísùn ló ń sùn. Titus ló yẹ kí wọ́n ṣọ́ jù, nítorí tó bá pẹ́ nínú ooru, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní histamine á pọ̀ lára rẹ̀. Ó ń mú ojú àti ọrùn pọ́n, ó ń fa ẹ̀fọ́rí àti ara yíyún, sísè tàbí dídín kò sì lè mú un kúrò. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ̀ kò náni lówó: kí wọ́n bu omi sínú ife, kí ó dì, kí wọ́n gbé kọ́ìnì lé e lórí, kí wọ́n wá fi í sáàárín ẹja. Kọ́ìnì ti wọ́n l'Ẹ̀pẹ́ báyìí, òkúta wẹ́wẹ́ á ṣe é. Tó bá ṣì wà lórí yìnyín láàárọ̀, kò séwu. Tí wọ́n bá bá a nísàlẹ̀ ife, tí yìnyín sì bò ó mọ́lẹ̀, omi náà ti yọ́ tán lóru kó tó tún dì, ẹja ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti rọ̀ ṣáájú rẹ̀.

Fún ẹni tó ń gbé ní àdúgbò tí wákàtí mẹ́rin péré ti ń rí iná, tó sì fẹ́ ta ẹja, fìrísà kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ rà. Kó ra kúlà tó nípọn, kó máa ra yìnyín lọ́wọ́ ẹni tí iná rẹ̀ dára, kó máa fọ́ ọ wẹ́wẹ́ sáàárín ẹja, kó sì ṣí ojú ibi tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀ kúlà kí ẹja má bàa lúwẹ̀ẹ́ nínú omi ara rẹ̀. Irú ẹja bẹ́ẹ̀ kò ní dì, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń fi yìnyín tuntun kún un, yóò wà ní nǹkan bí 0°C títí oníbàárà yóò fi dé.