Ohun tí orúkọ iye ń sọ nínú ònkà oníogún

Ọmọ ilé ìwé ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ni, máa ń fi èdè méjì ka iye kan náà. Olùkọ́ ní quatre-vingts, ìyẹn ogún lọ́nà mẹ́rin. Bó bá délé, ọgọ́rin ni wọ́n ń pè é, ogún mẹ́rin náà ni. Àádọ́rin ni wọ́n ti pínyà. Faransé fi mẹ́wàá kún ọgọ́ta, ó pè é ní soixante-dix. Yorùbá lọ dúró sórí ọgọ́rin, ó yọ mẹ́wàá níbẹ̀.

Òkìtì ọsàn kì í dín, kì í sì í pọ̀ sí i, nítorí pé a fi ogún kà á. Ohun tí ojú máa ń tètè rí lára iye náà ló ń yàtọ̀. Ẹ wo pípín sí mẹ́rin. Nínú ònkà onímẹ́wàá, 2 ló gbẹ̀yìn 52 àti 42, síbẹ̀ 52 pín sí mẹ́rin láìṣẹ́kù, 42 kò pín. Bí a bá fi ogún kà, èyí tó lé nìkan là ń wò, torí ogún fúnra rẹ̀ pín sí mẹ́rin. Nínú 52, ogún méjì wà, 12 sì lé, ó pín. Nínú 42, 2 ló lé; kò pín.

Orúkọ Yorùbá tilẹ̀ ń sọ ọ́ kí a tó ṣírò. Bí iye bá dúró lórí ogún, ogójì, ọgọ́ta, ọgọ́rin tàbí ọgọ́rùn-ún, mẹ́rin ni kí a máa fetí sí: mẹ́rìnlélógójì (44) àti mẹ́rìndínlógójì (36) pín. Bó bá dúró lórí ọgbọ̀n tàbí àwọn àádọ́ta, àádọ́rin, àádọ́rùn-ún, méjì ni: méjìléláàádọ́ta (52), méjìdínlọ́gbọ̀n (28). Mẹ́wàá tí a yọ tàbí tí a fi kún ló fà á, torí mẹ́wàá máa ń ṣẹ́ku méjì bí a bá pín in sí mẹ́rin. Lé tàbí dín kò yí òfin náà padà.

Ibi tó dùn jù lọ nìyí. Ọgọ́ta jẹ́ ogún ẹ̀ta, ọgọ́rin jẹ́ ogún ẹ̀rin. Bí iye ogún àti iye tó lé bá dọ́gba, a ti fún ogún kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan, ó ti di 21. Nítorí náà mọ́kànlélógún, méjìlélógójì, mẹ́tàlélọ́gọ́ta àti mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, gbogbo wọn pín sí 21, wọ́n sì pín sí mẹ́ta àti méje. Bó bá jẹ́ pé ó dín ni, a ti gba ẹyọ kan lọ́wọ́ ogún kọ̀ọ̀kan, ó ku 19: mọ́kàndínlógún, méjìdínlógójì, mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Lé dúró lórí mẹ́rin ní tirẹ̀, torí láti márùn-ún ni ònkà àtijọ́ ti ń dín: 105 ń jẹ́ márùndínláàádọ́fà.

Láti igba sókè, igba ni a fi ń kà, kì í ṣe ogún mọ́. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, 500, jẹ́ igba mẹ́ta tí a yọ ọgọ́rùn-ún nínú rẹ̀. Ẹgbẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, 5000, jẹ́ igba lọ́nà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Pípín sí mẹ́rin ṣì ń bá a lọ, torí igba pín sí i. Irínwó ní orúkọ tirẹ̀ láàárín wọn, òun sì ni ogún lọ́nà ogún. Ẹ yọ ẹyọ kan nínú rẹ̀: irínwó ó dín kan, 399, pín sí 19, ó sì pín sí 21.