"Ó ti ka Law tán" kọ́ ni "ó ti di lọ́yà" o

Ọmọ tó bá ti lẹ́nu nílé, tó ń bá àgbà jiyàn, wọ́n á ní "lọ́yà lèyí máa ṣe". Ọjọ́ tó bá wá gba LL.B., ìwé ẹ̀rí Law ti yunifásítì, báyìí, ìyá ẹ̀ ti di màmá lọ́yà nìyẹn, bùọ̀dá kan ládùúgbò ti gbé ìwé ilẹ̀ wá pé kó bá òun kọ àdéhùn. Háà! Ọmọ yẹn ò tíì di lọ́yà o.

Ọdún 5 ló lò ní yunifásítì, 4 tó bá jẹ́ Direct Entry ló fi wọlé, ká má tíì ka ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, mọ́ ọn. Ó ṣì ku Law School, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ lọ́yà gan-an lẹ́yìn yunifásítì. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ín, Bwari l'Ábújá ni olú ilé ẹ̀ wà, ẹ̀ka wà l'Ékòó, Enugu, Kano, Yola àti ibòmíì. Iye ọmọ tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan lè kó lọ síbẹ̀ ló ní gbèdéke, àmọ́ àwọn kan máa ń gba ọmọ kọjá iye yẹn, ìyẹn lẹ fi ń rí ẹni tó ti ṣe convocation tipẹ́ tó ṣì jókòó sílé, tó ń retí kó kan òun, tí ẹ̀yin sì ń bi í pé kóòtù wo ló wà.

Tó bá wá débẹ̀, kọ́ọ̀sì 5 ni, máàkì ibẹ̀ ló wá burú. Ní yunifásítì wọ́n á ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, èyí tó dáa á gbé èyí tí ò dáa. Law School ò mọ ìyẹn, èyí tó kéré jù nínú márààrún ni wọ́n máa fún ẹ. O ṣe dáadáa gan-an nínú mẹ́rin, o gba Pass, ìyẹn ìpele tó kéré jù láàárín àwọn tó yege, nínú ọ̀kan, Pass lò ń gbé lọ sílé yẹn.

Wọ́n á tún jẹ dínà, ẹ má rẹ́rìn-ín, dandan ni, pẹ̀lú aṣọ dúdú àti funfun. Àṣà àwọn lọ́yà London ni, níbi tí Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó kọ́kọ́ di lọ́yà nínú gbogbo ọmọ Nàìjíríà, ti gba ipò lọ́yà tiẹ̀ ní 1879.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Body of Benchers, ìgbìmọ̀ àwọn àgbà nídìí iṣẹ́ òfin, á tó pè é sí iṣẹ́ lọ́yà, tí orúkọ ẹ̀ á wá wọ ìwé ní Supreme Court. Kó tó dìgbà yẹn, tó bá gbowó kọ ìwé àdéhùn ilẹ̀ fún èèyàn, òfin lè gbé e. Bùọ̀dá, ẹ ṣì gbé ìwé yín dání ná.