Gíláàsì tó píǹkì lókè tó yẹ́lò nísàlẹ̀, ta ló kùn ún?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo rí fáàsì òdòdó onígíláàsì kékeré kan lọ́jà àlòkù ní London, orí ẹ̀ píǹkì, ìdí ẹ̀ yẹ́lò bíi kọ́sítáàdì. Ẹni tó ń tà á ní irú gíláàsì tí wọ́n ń pè ní Burmese ni, pé ayé Queen Victoria ni wọ́n ti ṣe é, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, gíríìnì ló ń tàn yòò! Ṣé ọ̀dà ni wọ́n kùn ún ni?

Ìdáhùn: Kò sẹ́ni tó kun nǹkan kan o, gíláàsì kan ṣoṣo ni látòkè délẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń yọ́ ọ, wọ́n da góòlù díẹ̀ àti uranium sí i (bẹ́ẹ̀ ni, uranium tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì yẹn náà), uranium ló fún un ní yẹ́lò, góòlù wà níbẹ̀ àmọ́ kò tíì hàn. Tí wọ́n bá fẹ́ ẹ tán wọ́n á jẹ́ kó tutù díẹ̀, wọ́n á wá ki orí ẹ̀ nìkan padà bọ ojú iná, ibi tí iná bá ti tún kàn án ni góòlù á ti ṣù jọ wóró wóró tójú ò lè rí, ibẹ̀ lá wá di píǹkì. Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé tí wọ́n bá tún fi iná kan etí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, yẹ́lò náà ló máa padà dà.

Ìbéèrè: Ṣé Burma ni wọ́n ti ṣe é ni?

Ìdáhùn: Rárá, Amẹ́ríkà. Frederick Shirley tó jẹ́ ọ̀gá ní Mt. Washington Glass Company, New Bedford, Massachusetts, ló gba ìwé àṣẹ ẹ̀ ní 1885. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí Queen Victoria, ó fẹ́ràn ẹ̀, ni ilé iṣẹ́ Thomas Webb & Sons ti Stourbridge ní England bá gbàṣẹ láti máa ṣe é ní 1886, wọ́n pe tiwọn ní Queen's Burmese. Wọ́n mọ ọjà tà!

Ìbéèrè: Uranium yẹn ò ní pa mí?

Ìdáhùn: Ó kéré nínú ẹ̀, gbé e sórí sẹ́ẹ̀fù ẹ. Èmi ò kàn ní fi mu omi ọsàn ni.

Ìbéèrè: Ti tọ́ọ̀ṣì yẹn wá ńkọ́, ṣebí ẹ̀rí ni?

Ìdáhùn: Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń mú èèyàn. Tọ́ọ̀ṣì UV, irú èyí tí wọ́n fi ń yẹ owó wò, uranium ló ń fi hàn, kì í ka ọjọ́ orí. Ilé iṣẹ́ Fenton ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Burmese tiwọn ní 1970, uranium wà nínú ẹ̀, òun náà ń tàn yòò. Torí náà pa tọ́ọ̀ṣì, dojú fáàsì délẹ̀. Tó bá jẹ́ ti Webb o lè rí òǹtẹ̀ wọn nídìí ẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ ò ní, àìsí ẹ̀ kì í ṣe ẹjọ́. Wo bí ìdí ẹ̀ ṣe ha: ohun tó ti ń jókòó lórí tábìlì ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ máa ń ha síbí sọ́hùn-ún, tó bá jẹ́ ọ̀nà kan náà ni gbogbo ẹ̀ ha sí, afàìmọ̀ kó má jẹ́ sáńpépà. Tó o bá wá rí orúkọ Fenton níbẹ̀, ó ṣì rẹwà o, àmọ́ má sanwó ayé Victoria fún un.