Àtẹ́wọ́ kọ́ ni wọ́n fi ń yẹ etí ajá wò

Lọ́dọ̀ àwọn ọdẹ Èkìtì, bí ajá bá kọ etí ikún sí fèrè, olóríkunkun ni wọ́n máa ń kà á sí. Ó lè jẹ́ pé etí rẹ̀ kan ló ti di.

Bí wọ́n ṣe sábà máa ń dán an wò ni pé wọ́n á dúró lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Bó bá ti yíjú, ó bùṣe, etí rẹ̀ pé. Kò pé o. Ajá lè mọ atẹ́gùn ọwọ́ lára, kó sì rí òjìji. Ajá tí etí rẹ̀ kan ṣì ń ṣiṣẹ́ náà á yíjú. Nínú àwọn ajá Dalmatian, irú ajá funfun tó ní àmì dúdú tóótòòtó lára, tí wọ́n yẹ̀ wò ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí 8 nínú 100 ni etí méjèèjì di, àmọ́ nǹkan bí 22 ni ẹyọ kan di. Àwọn 22 yìí ni àtẹ́wọ́ kì í rí mú. Tí wọ́n bá wọgbó, wọ́n á gbọ́ fèrè, wọn ò sì ní mọ apá ibi tó ti dún, torí etí méjèèjì ni ọpọlọ fi ń mọ̀ ọ́n.

Àyẹ̀wò BAER tí àwọn dókítà ẹran ń ṣe, èyí tó ń wo iná tí ìró ń tàn láti etí lọ sí ọpọlọ, kò dúró de kí ajá yíjú rárá. Ó lè máa sùn. Wọ́n á ki abẹ́rẹ́ tín-ín-rín mẹ́ta bọ abẹ́ awọ orí rẹ̀, wọ́n á wá máa dún kó, kó, kó sí etí kan. Kí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá tó pé, iná táṣẹ́rẹ́ á ti gba iṣan etí dé ìdí ọpọlọ. Ariwo iná ara ajá fúnra rẹ̀ bo èyí mọ́lẹ̀. Kọ̀ǹpútà á wá gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìdáhùn, á pa wọ́n pọ̀. Bí ìgbà téèyàn dúró ní Ọjà Ọba l'Ádó ni: ariwo ọjà ń yí padà, ṣùgbọ́n ẹlẹ́kọ tó ń ké igbe kan náà lemọ́lemọ́, bó pẹ́ bó yá, ohùn tiẹ̀ á yọ. Etí tó gbọ́ á ya òkè kéékèèké lójú kọ̀ǹpútà. Etí tó di á fa ìlà gbọọrọ.

Wọ́n tún máa ń da ariwo ṣáá sí etí kejì, kó má baà bá ẹnì kejì rẹ̀ dáhùn. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn.

Ọmọ ajá tó pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún ti tó yẹ̀ wò. Bí adití àbínibí tó ń bá àwọn ajá aláwọ̀ funfun jà bá máa dé, ó ti dé nígbà yẹn, torí sẹ́ẹ̀lì onírun inú etí, àwọn tó ń gba ìró, ti kú. Ti adìẹ a máa hù padà. Ti ajá kì í hù mọ́, ìbáà ṣe àbínibí ló pa á, ìbáà ṣe ìró ìbọn ọdẹ.